Bí ẹ ṣe lè fúnra yín wọn kọmpíréṣọ̀n ẹ́ńjìnnì mọ́tò yín nílé

Mọ́tò ò lágbára mọ́. Ó ń gbọ̀n bí ẹ bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọláìyá l'Ọ̀ṣogbo, ó ń jẹ epo bẹntiróòlù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èéfín búlúù sì ń yọ lẹ́yìn rẹ̀ láàárọ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́tí díẹ̀, ó gbé orí sókè: "Alágbà, ẹ́ńjìnnì yìí ti lọ. Ẹ jẹ́ ká wá tòkunbọ̀." Kò tíì fi nǹkan kan wọn nǹkan kan o.

Òótọ́ lè wà nínú ohun tó sọ. Ó sì lè jẹ́ pé kọ́ìlì kan (ohun tó ń gbé iná fún pílọ́ọ̀gì) ló kú, tàbí pílọ́ọ̀gì ló ti jẹ tán, tàbí fáàfù kan ṣoṣo ni kò pa dé dáadáa mọ́. Owó tí wọ́n fi ń tún ìwọ̀nyí ṣe jìnnà síra wọn gan-an, etí lásán ò sì lè mọ èyí tó jẹ́ nínú wọn. Gééjì kọmpíréṣọ̀n ló lè sọ ọ́. Iṣẹ́ tí ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú lè ṣe nínú ọgbà ilé rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé ni. Lójú tèmi, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni san owó ẹ́ńjìnnì láìtíì rí nọ́ńbà sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ìwé.

Ohun tí à ń wọn gan-an

Nínú sílíńdà, ìyẹn ihò róbótó tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, písítìn máa ń gòkè, á fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ mọ́ra kí iná pílọ́ọ̀gì tó ṣẹ́ sí i. Fífún yẹn ni à ń pè ní kọmpíréṣọ̀n. Ohun mẹ́ta ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yẹn sá lọ: rìǹgì tó yí písítìn ká, fáàfù tó wà lókè (tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, tó sì ń tú èéfín jáde), àti tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù sílíńdà. Ẹni tó bá ti fi àtàǹpàkò dí ẹnu pọ́m̀pù kẹ̀kẹ́ rí, tó wá tì í, mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe máa ń ti ìka padà; bí awọ inú pọ́m̀pù náà bá ti jẹ, ìka ò ní gbọ́ nǹkan kan. Gééjì yìí ló máa ṣe iṣẹ́ àtàǹpàkò náà fún wa, ṣùgbọ́n tiẹ̀ á fi nọ́ńbà sí i.

Psi ni wọ́n fi ń kà á, èyí kan náà tó wà lára gééjì tí fọ́kanáísà fi ń wọn táyà. Táyà mọ́tò kékeré máa ń gba nǹkan bí 30 sí 35 psi. Sílíńdà ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tí ara rẹ̀ le máa ń gbé abẹ́rẹ́ gééjì dé nǹkan bí 130 sí 200, ó dá lórí irú ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá jẹ́ bar ló wà lójú gééjì tiyín, bar 1 jẹ́ psi 14.5. Ti dísù kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o: dísù lè ta dé 400, á sì fọ́ gééjì bẹntiróòlù mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìwé tó bá mọ́tò wá máa ń sọ iye tó yẹ. Ẹ fi sọ́kàn pé ojú òkun ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìwọ̀n inú ìwé wọ̀nyẹn, Ọ̀ṣogbo sì fi nǹkan bí 300 mítà ga ju ojú òkun lọ. Afẹ́fẹ́ tiwa fúyẹ́ díẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà á fi bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún rẹlẹ̀. Bí ìwé bá ní 180, tí ẹ rí 174, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Irinṣẹ́

Oríṣi gééjì méjì ló wà. Ọ̀kan ní rọ́bà lẹ́nu, ẹ máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò pílọ́ọ̀gì. Èkejì ní ọ̀pá tó ní ẹyọ (ìlà tó yí ẹnu rẹ̀ ká bíi ti bóòtù), ẹ máa wé e sínú ihò náà bí ẹni ń wé pílọ́ọ̀gì. Èyí tí wọ́n ń wé ni kí ẹ rà tàbí kí ẹ yá. Elérọ́bà máa ń jò bí ọwọ́ bá yẹ̀, ihò pílọ́ọ̀gì àwọn mọ́tò ìsinsìnyí sì jìn débi pé kò ní dé ìsàlẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ mú pílọ́ọ̀gì àlòkù kan láti inú mọ́tò yín dání. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu gééjì. Ẹyọ wọn gbọ́dọ̀ bára mu (ẹyọ 14 milimítà ló wọ́pọ̀ lára Toyota àti Honda tó ń rìn nígboro, ṣùgbọ́n 12 náà wà), ẹnu gééjì kò sì gbọdọ̀ gùn ju ẹnu pílọ́ọ̀gì lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ písítìn lè gòkè wá kàn án.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nípa gééjì yìí. Fáàfù kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀pá rẹ̀ tó jọ ti táyà, òun ló ń di afẹ́fẹ́ mú kí abẹ́rẹ́ má baà já wálẹ̀. Ó jọ ti táyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n sípírìǹgì tiẹ̀ rọ̀ ju ti táyà lọ. Bí ó bá bàjẹ́ tí ẹnì kan sì fi ti táyà rọ́pò rẹ̀, gbogbo nọ́ńbà tí ẹ máa rí á rẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ́ńjìnnì tó le koko á wá di òkú lórí ìwé. Bí ẹ bá yá gééjì lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ fáàfù yẹn rí.

Yàtọ̀ sí gééjì, ẹ nílò sókẹ́ẹ̀tì pílọ́ọ̀gì (16 milimítà ló bá ọ̀pọ̀ Toyota mu) pẹ̀lú ọ̀pá gígùn rẹ̀, sókẹ́ẹ̀tì 10 fún bóòtù kọ́ìlì, tọ́ọ̀ṣì, àkísà tó mọ́, pọ́m̀pù kẹ̀kẹ́, ìwé àti báírò. Ẹ ra ṣírínjì 5 mìlílítà nílé oògùn, ẹ sọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ nù. Ẹ wá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọn ò tíì lò díẹ̀ sí i. Ẹ tún nílò ẹnì kan tí yóò jókòó sídìí sítíárì. Ọmọ ilé tó ti gbọ́n tó láti gbọ́rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tó, bí ẹ bá ti ṣàlàyé fún un pé kò gbọdọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ àfi bí ẹ bá ní "ó yá".

Bátìrì ńkọ́? Bátìrì tó rẹ̀ kò lè yí ẹ́ńjìnnì kíákíá, bí ẹ́ńjìnnì ò bá sì yí kíákíá, nọ́ńbà irọ́ ni ẹ máa rí. Bátìrì tó yó máa ń fi 12.6 fóòtì hàn nígbà tí mọ́tò bá wà ní pípa. Bí iná bá wà lálẹ́, ẹ fi ṣájà sí i mọ́jú. Bí kò bá sí iná, ẹ bá aládùúgbò sọ ọ́ kó gbé mọ́tò tiẹ̀ wá, kí ẹ fi wáyà so bátìrì méjèèjì pọ̀ títí iṣẹ́ á fi parí.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ mú kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́

Ẹ wa mọ́tò náà díẹ̀, láti ilé dé Òkè-Fìà kí ẹ tún padà ti tó. Ìwọ̀n tó tọ́ ni ti ẹ́ńjìnnì tó gbóná, nítorí pé irin máa ń wú díẹ̀ nínú ooru, rìǹgì á sì jókòó dáadáa. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbóná dé ibi tí á fi jó yín lọ́wọ́. Álúmínọ́ọ̀mù ni tọ́ọ̀pù sílíńdà ọ̀pọ̀ mọ́tò. Bí ẹ bá fa pílọ́ọ̀gì yọ nígbà tó ṣì ń hó, ẹyọ inú ihò lè bá a jáde. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kí ẹ lọ mu omi, kí ẹ padà wá nígbà tí ọwọ́ bá lè gbé ara rẹ̀.

Ojú ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí mọ́tò wà. Ẹ fa hándì bíréèkì, ẹ fi òkúta tàbí pákó dí táyà níwájú àti lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ọ́tò, ẹ fi sí P. Bó bá jẹ́ oníkílọ́ọ̀ṣì, ẹ yọ gíà kúrò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pa epo, ẹ pa iná

Èyí ló léwu jù, nítorí náà ẹ má sáré níbí. Ihò mẹ́rin máa wà ní ṣíṣí lórí ẹ́ńjìnnì. Bí epo bá ń tú sínú rẹ̀ tí iná sì ń ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ mọ ohun tó lè tẹ̀ lé e.

Ẹ ṣí àpótí fíúsì. Ara ìdérí rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ orúkọ fíúsì àti ríléè sí. Lára Toyota, ríléè tó ń gbé iná lọ sí pọ́m̀pù epo ni wọ́n sábà máa ń kọ "C/OPN" sí. Ẹ yọ ọ́, ẹ sítáàtì mọ́tò, ẹ jẹ́ kó lo epo tó kù nínú páìpù títí á fi kú fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe yọ fíúsì tí wọ́n kọ "EFI" sí dípò rẹ̀: ọpọlọ mọ́tò (kọ̀ǹpútà inú rẹ̀) ló ń gba iná níbẹ̀, ìyẹn á sì dà yín láàmú ní ìgbésẹ̀ karùn-ún.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa mọ́tò pátápátá, ẹ fa ẹnu wáyà orí kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan yọ. Ẹ rọra o. Ìdí ike kékeré tó ń dì í mú máa ń gan bó bá ti pẹ́ nínú ooru, ó sì máa ń ṣẹ́. Àwọn mọ́tò àtijọ́ tó ní dísíríbútọ̀, bí Camry Orobo, kọ́ìlì wọn ni kí ẹ já wáyà rẹ̀.

Sìgá kò sí níbẹ̀. Ìyá tó ń fi èédú yan àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà náà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó sún sọ́hùn-ún.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yọ pílọ́ọ̀gì

Ẹ tú bóòtù kọ́ìlì, ẹ fa kọ́ìlì jáde, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fọwọ́ kan pílọ́ọ̀gì. Erùpẹ̀ pupa tó ń fẹ́ nígbà ọyẹ́ máa ń kóra jọ sísàlẹ̀ ihò wọ̀nyẹn. Bí ẹ bá tú pílọ́ọ̀gì láìtíì fẹ́ ẹ kúrò, inú sílíńdà ni yóò já sí, á sì máa ha ògiri rẹ̀. Ẹ fi pọ́m̀pù kẹ̀kẹ́ fẹ́ ibẹ̀ dáadáa, kí ẹ di ojú yín.

Ẹ wá tú pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kì í ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan o, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni, kí ẹ́ńjìnnì lè fúyẹ́ láti yí. Ẹ tò wọ́n sórí pákó bí wọ́n ṣe tò nínú ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà sí wọn. Lára Corolla, Camry onísílíńdà mẹ́rin àti irú wọn, ẹ̀gbẹ́ tí bẹ́ẹ̀lìtì wà ni nọ́ńbà 1.

Ẹ wo ẹnu wọn kí ẹ tó máa lọ, nítorí ó ti ní ohun tó fẹ́ sọ. Èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi bísíkíìtì wà dáadáa. Èyí tó dúdú tó sì tutù fún ọ́ìlì, ọ́ìlì ń wọ sílíńdà rẹ̀. Èyí tó dúdú tó gbẹ bí ẹ̀dú, epo ti pọ̀ jù fún un, tàbí iná rẹ̀ ò lágbára. Èyí tó mọ́ tónítóní bí ẹni pé ẹnì kan fọ̀ ọ́ nígbà tí àwọn yòókù ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ fura sí i pé omi rédíétọ̀ ń wọ ibẹ̀.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ fi àkísà bo ihò tí ẹ ò bá lò. Bí bóòtù kékeré kan bá já wọlé, ìwọ̀n yín ti parí nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti di ti tọ́ọ̀pù sílíńdà. Ẹ rántí yọ àkísà náà kúrò kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹni tó ní V6, sílíńdà mẹ́ta ẹ̀yìn sábà máa ń wà lábẹ́ ìdí páìpù afẹ́fẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ tú ìdajì orí ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó rí wọn. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín rèé, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ti ṣe é rí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wé gééjì sínú nọ́ńbà 1

Ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi wé e. Rọ́bà róbótó tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó jò, kì í ṣe sípánà. Bó bá ń tako yín láti ẹyọ àkọ́kọ́, ẹ tú u, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹyọ tó bá wọ̀ wọ́gọ nínú álúmínọ́ọ̀mù, owó ńlá ló ń dà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ó yá

Kí ẹni tó wà nínú mọ́tò fẹsẹ̀ tẹ tọ́rọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá, kó má sì gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá pa dé, afẹ́fẹ́ ò ní rí ọ̀nà wọlé, nọ́ńbà gbogbo sílíńdà á sì rẹlẹ̀ pọ̀. Lára mọ́tò tó ń lo wáyà okùn, ẹsẹ̀ ló ń ṣí i tààrà. Lára èyí tó ń lo iná, ọpọlọ mọ́tò ló ń ṣí i, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má yọ EFI. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láìsítáàtì, kí ó tẹ ẹsẹ̀, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu tọ́rọ́tù bóyá ó ṣí. Bí kò bá ṣí, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ fi ọ̀pá sùkúrúdéfà tó mọ́ rọra tì í kó wà ní ṣíṣí, ẹ sì rántí pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ sọ pé "ó yá". Kó sítáàtì. Ẹ máa gbọ́ ọ: pù, pù, pù. Abẹ́rẹ́ á fò sókè ní pù kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka pù márùn-ún tàbí mẹ́fà, títí abẹ́rẹ́ ò fi ní lọ mọ́, kí ẹ sì dá a dúró. Iye pù kan náà ni kí ẹ lò fún sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kíkì (mọ́tò kékeré tó ń yí ẹ́ńjìnnì bí ẹ bá sítáàtì) kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kó sinmi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kó má baà jó.

Nọ́ńbà méjì ni kí ẹ kọ sílẹ̀ fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan: ibi tí pù àkọ́kọ́ gbé abẹ́rẹ́ dé, àti ibi tó gúnlẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fojú fo ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Sílíńdà tó le máa ń gba ju ìdajì lọ ní pù kan. Èyí tí rìǹgì rẹ̀ ti jẹ á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, á sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Èyí tí fáàfù rẹ̀ ń jò á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń tú afẹ́fẹ́ gééjì sílẹ̀, ẹ bọ́ sórí nọ́ńbà 2, 3, 4. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀ sí àwọn yòókù, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Bí a ṣe ń ka nọ́ńbà

Ẹ má ṣe tẹjú mọ́ bí nọ́ńbà ṣe ga tó nìkan. Bí wọ́n ṣe bára mu ló ṣe kókó jù. Gééjì méjì lè fi 10 psi yàtọ̀ síra wọn lórí ẹ́ńjìnnì kan náà, ṣùgbọ́n gééjì kan ṣoṣo kì í ṣe ojúsàájú láàárín sílíńdà.

Ẹ mú nọ́ńbà tó ga jù, ẹ pín in sọ́nà mẹ́rin, ẹ yọ ìdá kan. Sílíńdà tó bá wà nísàlẹ̀ iye tó kù ní àrùn. Bí èyí tó ga jù bá jẹ́ 180, ìdá kan nínú mẹ́rin jẹ́ 45, nítorí náà 135 ni ààlà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò máa ń le ju èyí lọ nínú ìwé wọn, nítorí náà bí ìwé bá wà, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Láìka èyí sí, sílíńdà tó bá gúnlẹ̀ sísàlẹ̀ 100 kì í sábà jó epo rẹ̀ dáadáa.

Ká ní ohun tí ẹ rí ni 172, 168, 175, 170. Ẹ́ńjìnnì yín wà láàyè, àìsàn rẹ̀ wà níbòmíràn: kọ́ìlì, pílọ́ọ̀gì, nọ́sù epo, fílítà, sẹ́ńsọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ tà yín ní ẹ́ńjìnnì lónìí.

Bó bá jẹ́ 172, 95, 90, 170, àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló ṣubú pọ̀. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, pé ó ti jó láàárín wọn. Ẹ bi ara yín bóyá mọ́tò náà ti gbóná jù rí.

Bí gbogbo wọn bá rẹlẹ̀ pọ̀, bíi 100, 98, 102, 97, ẹ má tíì sunkún. Ẹ kọ́kọ́ padà sórí bátìrì, tọ́rọ́tù àti fáàfù ẹnu gééjì. Bí ìwọ̀nyí bá dára, ẹ yẹ táímìn wò, nítorí bí ṣéènì tàbí bẹ́ẹ̀lìtì táímìn bá fo eyín kan tàbí méjì, fáàfù ò ní máa pa dé lásìkò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó sọ pé rìǹgì ti jẹ nínú gbogbo sílíńdà.

Òdo tàbí nọ́ńbà tó sún mọ́ ọn: fáàfù ti tẹ̀ tàbí ti jó, tàbí ihò ti wà lórí písítìn. Bí nọ́ńbà bá sì ga ju ti ìwé lọ dáadáa, èédú ló ti dì sórí písítìn, tàbí ọ́ìlì ti pọ̀ nínú sílíńdà.

Ìwọ̀n ọlọ́ìlì

Sílíńdà tó bá rẹlẹ̀ nìkan ni kí ẹ ṣe èyí fún. Ẹ fi ṣírínjì fa ọ́ìlì mìlílítà 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan, ẹ tú u sínú ihò pílọ́ọ̀gì. Ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ wé gééjì padà, ẹ tún un wọ̀n.

Ọ́ìlì á ti yí eteetí písítìn ká, á dí ibi tí rìǹgì ń jò fúngbà díẹ̀. Nítorí náà bí nọ́ńbà bá fò sókè, ká ní láti 95 sí 140, rìǹgì tàbí ògiri sílíńdà ló ti jẹ. Bí kò bá kúrò lójú kan, wàhálà wà lókè níbi tí ọ́ìlì ò lè dé: fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ́ìlì pọ̀ jù, nítorí ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ń gba àyè, á sì gbé nọ́ńbà sókè fún sílíńdà tí rìǹgì rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ìwọ̀n yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé gbára lé lára Subaru, nítorí písítìn rẹ̀ dùbúlẹ̀, ìsàlẹ̀ nìkan ni ọ́ìlì á sì lọ.

Ọ̀rọ̀ kan lórí èéfín búlúù, nítorí ó máa ń da àwọn onímọ́tò rú. Camry Muscle onílítà 2.4, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jẹ́ 2AZ-FE, lókìkí fún jíjẹ ọ́ìlì. Síbẹ̀, ẹ lè wọ̀n ọ́n kí ẹ rí 170 káàkiri. Ohun tó fà á ni pé rìǹgì mẹ́ta ló wà lára písítìn: méjì òkè ló ń di kọmpíréṣọ̀n mú, tìsàlẹ̀ ló ń ha ọ́ìlì kúrò lára ògiri. Tìsàlẹ̀ yẹn ló máa ń lẹ̀. Síìlì ìdí fáàfù tó ti gan náà lè fa èéfín búlúù láìdí kọmpíréṣọ̀n lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì tí nọ́ńbà rẹ̀ sì pé, ẹ ṣì lè máa bù ọ́ìlì sí i kí ẹ máa lò ó fún ìgbà díẹ̀, bí ẹ bá ń fa ọ̀pá ọ́ìlì wò déédéé.

Bí fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì bá ni ẹ fura sí

Fọ́kanáísà lè ràn yín lọ́wọ́ bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ bá sún mọ́ ilé. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú sípánà láti ìdí púlì rẹ̀ títí písítìn sílíńdà tó ń ṣàìsàn á fi dé òkè níbi tí fáàfù méjèèjì ti pa dé. Ẹ yọ fáàfù kékeré ẹnu ọ̀pá gééjì, ẹ so ọ̀pá náà mọ́ afẹ́fẹ́, ẹ rọra ṣí i díẹ̀díẹ̀, kí ọwọ́ àti sípánà ti kúrò nídìí púlì kí afẹ́fẹ́ tó wọlé, nítorí ẹ́ńjìnnì lè yí lójijì. Ẹ wá tẹ́tí. Bó bá ń sín láti ẹnu sáléńsà, fáàfù èéfín ni. Láti ẹnu tọ́rọ́tù, fáàfù afẹ́fẹ́ ni. Láti ibi tí ẹ ti ń bu ọ́ìlì, rìǹgì ni. Bí omi rédíétọ̀ bá ń hó bòròbòrò, ó ti di ti gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí tọ́ọ̀pù sílíńdà tó ti sán.

Fáàfù ṣeé lọ̀, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ṣeé pààrọ̀, tọ́ọ̀pù sílíńdà tó bá tẹ̀ ṣeé gbé lọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá a kó tẹ́jú. Kò sí èyí tó ní kí ẹ ra odindi ẹ́ńjìnnì nínú rẹ̀. Rìǹgì àti ògiri sílíńdà tó ti jẹ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wúwo.

Bí ẹ bá ti wà nídìí ẹ́ńjìnnì, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ti yọ tẹmọsítáàtì yín (tó ń dá omi rédíétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó) sọnù. Àṣà yìí ti pọ̀ jù láàárín wa: "Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ kó máa tutù." Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó máa ń gba epo púpọ̀ jù, epo yẹn á sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, rìǹgì á máa jẹ. Fílítà afẹ́fẹ́ tó ya tàbí tí kò sí níbẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá fún ẹni tí ọ̀nà àdúgbò rẹ̀ kò ní ọ̀dà.

Ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà

Ọwọ́ ni kí ẹ fi kọ́kọ́ wé pílọ́ọ̀gì wọlé títí á fi jókòó, kí ẹ tó fi sípánà fún un. Bí ẹ bá ní sípánà tó ń ka agbára, nǹkan bí 18 sí 25 Nm ló bá ọ̀pọ̀ pílọ́ọ̀gì 14 milimítà mu nínú álúmínọ́ọ̀mù. Ìwé mọ́tò ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Kọ́ìlì padà sípò rẹ̀, wáyà padà sórí rẹ̀, sùkúrúdéfà kúrò lẹ́nu tọ́rọ́tù, ríléè padà sínú àpótí.

Mọ́tò lè pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn nítorí páìpù epo ti ṣófo. Sílíńdà tí ẹ bu ọ́ìlì sí á tú èéfín búlúù fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Iná ẹ́ńjìnnì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù náà lè tàn nítorí wáyà kọ́ìlì tí ẹ yọ; ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò lè pa á rẹ́.

Ẹ kọ déètì, iye kìlómítà mọ́tò àti nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìwé kan, ẹ fi sínú dúrọ́ọ̀ mọ́tò. Ìwé yẹn ni kí ẹ gbé síwájú mẹkáníìkì, kí ẹ ní, "Ọ̀gá, nọ́ńbà 2 ló rẹlẹ̀, ọ́ìlì ò sì gbé e sókè, kí lẹ rò?" Ẹni tó mọ iṣẹ́ inú rẹ̀ á dùn, torí ẹ ti bá a dín iṣẹ́ kù.

Bó bá wá jẹ́ pé tòkunbọ̀ náà ni ọ̀rọ̀ já sí, gééjì yẹn ni kí ẹ gbé lọ sọ́jà. Ẹ́ńjìnnì tí kíkì àti ilé gíà bá ṣì wà lára rẹ̀ ṣeé wọ̀n nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú bátìrì kan. Yóò tutù, nítorí náà nọ́ńbà á rẹlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ọlọ́jà bá ní òun ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú pílọ́ọ̀gì òun, ẹ kí i, kí ẹ bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.